Ọjọ́ 131 ti dókítà, ọjọ́ 117 ti ààfáà: àkọsílẹ̀ ìbí kan n'Ìbàdàn

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ̀dù aláboyún ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù níbí, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, dókítà, títí dé àwọn tó ń nulẹ̀, torí ohun táwọn náà ń rí kì í ṣe kékeré. Ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀. Mo ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kẹ́nikẹ́ni má baà dá àwọn èèyàn náà mọ̀, àwọn fúnra wọn sì ti ní kí n sọ ọ́, pé ó lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́.

Ìyàwó jẹ́ ọmọ Kátólíìkì, àtikékeré ló ti ń kọrin nínú kúáyà. Ọkọ jẹ́ Mùsùlùmí, kì í fi ìrun ṣeré. Lọ́dọ̀ tiwa níbí ìyẹn kì í ṣe ìròyìn, tí Iléyá bá dé gbogbo ilé á jẹran, tí Kérésì bá dé gbogbo ilé á jẹ ìrẹsì, tọkọtaya sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún kí wọ́n má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí wọn ò tíì jọ sọ rí. Ìyá ọkọ ń bá wọn gbé. Alájà ni, ó ti lọ Mẹ́kà, ṣùgbọ́n téèyàn bá jókòó tì í fún wákàtí kan á mọ̀ pé ọ̀nà àwọn ìyá tó bí ìyá ẹ̀ ò tíì kúrò lára ẹ̀. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń wojú Ọlọ́run kí oyún yìí tó dúró.

Omi ya lára ìyàwó lóru, ó rò pé ìtọ̀ ni, ó pààrọ̀ aṣọ ó padà sùn. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, bẹ́ẹ̀dì ti tutù rinrin. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ṣe sìkáànì, ọkàn ọmọ ń lù dáadáa, àmọ́ omi tó yẹ kó yí i ká ti gbẹ tán. Oyún ọsẹ̀ 18 àti ọjọ́ 5.

Fún ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ yìí, omi yẹn kì í ṣe kí ọmọ kàn máa wẹ̀ nínú ẹ̀ lásán, òun ni ọmọ ń gbé mì tó sì ń mí sínú mí sóde kí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè dàgbà, tí kò bá sí omi láti ìgbà tó kéré báyìí, àfàìmọ̀ ni kí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀hún má rí ààyè gbó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ti ìyá: ilẹ̀kùn tó ti ṣí yẹn, kòkòrò àìsàn lè gbabẹ̀ wọlé ọmọ, kó tibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, nígbà míì láàárín wákàtí mélòó kan péré. Ọ̀nà méjì ló wà. A lè fún un lóògùn antibáyọ́tíìkì ká máa ṣọ́ ọ, tàbí ká fi oògùn mú un rọbí. Kọ̀nsọ́tántì, dókítà àgbà wa, jókòó tì wọ́n, ó là á fún wọn pé bóyá ni ọmọ yìí á fi dé ibi tó ti lè dá mí níta, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lórílẹ̀-èdè yìí ọsẹ̀ 28 la ṣì ń fojú sùn, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ìyẹn sì pọ̀ jù fún obìnrin tómi ti tán lára ẹ̀.

Ìyàwó ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Dókítà, ẹ ṣì ń gbọ́ ọkàn ẹ̀ àbí ẹ ò gbọ́ ọ mọ́?" Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ọ. "Ẹ má wá sọ fún mi pé kí n lé e jáde."

Ohun tí ìjọ ẹ̀ fi kọ́ ọ náà nìyẹn, pé láti ọjọ́ tí oyún bá ti dúró ló ti yẹ ká bọ̀wọ̀ fún ẹ̀mí yẹn bí ẹ̀mí èèyàn. (Láyé àtijọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìjọ kan náà, Thomas Aquinas wà nínú wọn, ń tẹ̀ lé Aristotle, amòye ará Gíríìsì àtijọ́, tó ní ọmọkùnrin ń lo bí ogójì ọjọ́ kó tó di èèyàn, obìnrin ń lo bí àádọ́rùn-ún, ìwé tí Róòmù sì kọ lórí oyún ṣíṣẹ́ lọ́dún 1974 sọ ọ́ kedere pé àwọn ò dá sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ọkàn wọ inú ọmọ, pé oyún ṣíṣẹ́ ò dáa láìfi tìyẹn ṣe. Mo mọ èyí torí mo fẹ́ràn kí n máa túlé kiri. Kò sẹ́ni tó máa ka irú ẹ̀ fún obìnrin tó ń ṣomi lórí bẹ́ẹ̀dì.)

Ọkọ ní tiẹ̀ ń ka ọjọ́. Hádíìsì tí gbogbo ọmọ ilé kéwú mọ̀ ni: ogójì ọjọ́ ní omi, ogójì ọjọ́ ní ẹ̀jẹ̀ dídì, ogójì ọjọ́ ní bááṣí ẹran, lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run á wá rán màlékà kan kó fẹ́ ẹ̀mí sí i, kó sì kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀, arísìkí ẹ̀, ọjọ́ ikú ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, àti bóyá olóríire ni àbí olóríbúburú. Ọgọ́fà ọjọ́. Ó yọ fóònù ó sọ ọ̀sẹ̀ dókítà di ọjọ́, ó rí 131. Ó ní ẹ̀mí ti wọ inú ẹ̀ nìyẹn, òun náà ò lè fọwọ́ sí i.

Màmá ló sọ ohun táwọn nọ́ọ̀sì ń tẹnu mọ́ lẹ́yìn fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní etí kankan ò tíì gbọ́ igbe ẹ̀, wọn ò tíì kó o jáde, wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, ní ìgbà tòun ọjọ́ keje lobìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án lọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ làwọn ìbejì, kí gbogbo ayé tó wá sọ ọ́ di ọjọ́ kẹjọ. Orí tó yàn lọ́dọ̀ Àjàlá ń bẹ níbẹ̀, ó lè padà wá yan òmíràn. "Omi ló máa dànù, kí agbè má fọ́." Àwọn kan láàárín wa ní ìyá ọkọ burúkú nìyí. Èmi jókòó tì í ní kọ́rídọ̀, gbogbo ohun tó ń dà á láàmú kò ju ìyàwó lọ, ó ní àbúrò òun kan kú sórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, pé wọ́n ń wo ọmọ títí ìyá fi bọ́.

Ohun tá a kọ́kọ́ ṣe ò bọ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà kékeré mú bébà wá, ó ń fi ìwọ̀n bí ọmọ ṣe máa ń yè hàn wọ́n. Ìyàwó yíjú sógiri. Nǹkan tí bébà yẹn ń dáhùn ni bóyá ọmọ á yè, ìbéèrè tiẹ̀ sì ni pé ṣé ẹ fẹ́ kí n pa á ni. Kò sí ìwọ̀n kankan tó lè dáhùn ìyẹn. Bí a ṣe ń fi nọ́ńbà rọ́ lù ú náà ló túbọ̀ ń dá a lójú pé àárín ọ̀tá lòun wà.

Ọjọ́ kejì ni ọkọ mú ààfáà wá. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù kí n tó sọ fún un pé kò pọn dandan. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó wá bi mí léèrè kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bi ara ẹ̀: "Ọjọ́ 131 yìí, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?" Mo ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí nǹkan oṣù ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní ẹ ò rí i pé oyún ò tíì sí lọ́jọ́ yẹn. Òótọ́ ni, bíi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni obìnrin ń lóyún, ilé ìwòsàn kàn ń kà á bẹ́ẹ̀ ni torí nǹkan oṣù lèèyàn lè rántí. 131, yọ 14 kúrò, ó ku 117. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ibi tọ́rọ̀ ti yí bìrí nìyẹn, kò sì yí síbi tó dáa. Ọkọ lọ bá ìyàwó ẹ̀, ó ní ó ti yanjú, pé ẹ̀mí ò tíì wọ inú ẹ̀, wọ́n lè ṣe é lónìí. Ìyàwó wò ó. "Ọjọ́ mẹ́ta ló máa sọ ọ́ di ọmọ ẹ?" Àtìgbà yẹn kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ tí ọkọ bá gbé wá á wà níbẹ̀ títí á fi tutù, tí Màmá bá bu u fún un á jẹ. Ẹ gbọ́ o, ààfáà ò ṣàṣìṣe o, ìṣirò ẹ̀ péye, òun ló tún tún tiwa ṣe. Ṣùgbọ́n ìṣirò ẹnì kan ni, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò sí nínú ìṣirò yẹn rárá, ó wá dà bí ẹni pé ọkọ ẹ̀ ń wá àyè kó tó pé.

Ọjọ́ mìíràn tún kọjá, antibáyọ́tíìkì ń lọ. Ọjọ́ kẹrin, ìdájí, ara ẹ̀ gbóná, 38.6, ìlù ọkàn ẹ̀ 124, ikùn ń dùn ún tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, omi tó ń jáde ti ń rùn. Kòkòrò ti wọlé nìyẹn. Kọ̀nsọ́tántì ní kò sí ìdúró mọ́. Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń bẹ̀rù, ó ní ọkàn ọmọ ṣì ń lù, òfin ńkọ́? Kì í ṣe pé ó ń ṣàṣejù, abala 228 nínú òfin ọ̀daràn wa fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ẹni tó bá ṣẹ́yún fún obìnrin. Kọ̀nsọ́tántì ní kó ka 297, èyí tó ní ẹni tó bá fi òótọ́ inú àti ìmọ̀ tó peye ṣiṣẹ́ abẹ láti dá ẹ̀mí ìyá sí kò jẹ̀bi. Ó wá sọ ìtàn Savita Halappanavar fún un, dókítà eyín ọmọ Íńdíà tó kú ní Ireland ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, oyún ọsẹ̀ 17, omi ya bákan náà, wọ́n ń dúró kí ọkàn ọmọ dákẹ́ fúnra ẹ̀, kòkòrò ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka ìka. Mo mọ ohun tó ń kà. Láti 117 ọjọ́ kìíní, ó ti pé 120. Ohun tó ní ó ṣeé ṣe lọ́jọ́ yẹn kò ṣeé ṣe mọ́ lójú ara ẹ̀. Ó pe ààfáà, ó fi sórí sípíkà, ààfáà ò tiẹ̀ jẹ́ kó ṣàlàyé tán: "Ìyá ni gbòǹgbò, ọmọ ni ẹ̀ka, a kì í tìtorí ẹ̀ka jẹ́ kí gbòǹgbò kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ìyàwó yín." Pé tọ́rọ̀ bá ti di ẹ̀mí ìyá, kíkà tán.

Ìyàwó ló kù. Òun náà gbọ́ ohun tí ààfáà sọ, ó ní ààfáà kì í ṣe àlùfáà òun. Mo bi í pé Fadá wo ni kí n pè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa sọ tí kò ní ìjà nínú láti ọjọ́ tó ti wọlé ni nọ́ńbà fóònù yẹn. Fadá dé pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì gan-an, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó ní ohun tí ìjọ kọ̀ ni kéèyàn fọkàn sí i pé òun fẹ́ pa ọmọ, pé ilé ọmọ tó ti kó àìsàn tó sì fẹ́ gbẹ̀mí ẹ, tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ tí ọmọ ò sì lè yè é, ọkàn rẹ kọ́ ló ṣe é. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó ní tó bá wá jáde láàyè ńkọ́, ṣé ó máa lọ láìrìbọmi, torí ìyá ẹ̀ ti fi limbo, ibi tí wọ́n ní ọmọ tí kò rìbọmi ń lọ, dẹ́rù bà á lórí fóònù. Fadá ní kó fi limbo sílẹ̀, pé Róòmù ti fi ìwé síta lọ́dún 2007 pé ìrètí ìgbàlà wà fáwọn ọmọ tó kú láìrìbọmi, ṣùgbọ́n tó bá jáde láàyè, ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ ló lè ṣe é, omi lásán àti orúkọ Baba àti ti Ọmọ àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì kan. Ìyàwó fọwọ́ sí fóòmù.

Nọ́ọ̀sì tó máa gba ọmọ ń lọ ìjọ tí kì í ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní Mátírọ́ọ̀nù, àwa ò nígbàgbọ́ nínú èyí o, àgbà ló ń rìbọmi. Fadá gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò dìgbà tó bá gbà á gbọ́, kó ṣáà ní in lọ́kàn pé ohun tí ìjọ ń ṣe lòun ń ṣe fún obìnrin yìí. Ó rò ó títí, ó ní kò burú.

Oògùn ìrọbí tí wọ́n ń pè ní misoprostol ṣiṣẹ́, ó bí i kó tó di ọ̀sán. Ọkùnrin ni. Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, ọmọ oyún ọsẹ̀ 19 kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà tìkatìka lọ, awọ ara ẹ̀ pupa ó sì fẹ́lẹ́ débi téèyàn ń rí iṣan, ojú ẹ̀ ṣì lẹ̀ pọ̀. Àyà ẹ̀ ń fò. Nọ́ọ̀sì ti fa omi sínú síríńjì, ó ń kán an sí i lórí ní ẹ̀kán ẹ̀kán, ó ń ka ẹ̀yìn káàdì, orúkọ tí ìyá sọ ló fi ṣe é. Ọmọ la ẹnu lẹ́ẹ̀kan. Ohùn kankan ò jáde. A gbé e sórí àyà ìyá ẹ̀, a fi tówẹ̀lì bo àwọn méjèèjì, ọkàn ọmọ lù fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó dákẹ́. A kọ àsìkò tó jáde àti àsìkò tó dákẹ́ sínú fáìlì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo èyí, abala 307 nínú òfin kan náà sọ pé ọmọ tó bá ti jáde tán láàyè kúrò lára ìyá ẹ̀ ti di ẹni téèyàn lè jẹ̀bi ikú ẹ̀, yálà ó mí o tàbí kò mí, wọ́n gé ìwọ́ o tàbí wọn ò gé e.

Ìjà kejì ni mo ń retí, ti òkú. Ní wọ́ọ̀dù wa, irú èyí tó kéré báyìí, tí ẹbí ò bá béèrè, ibi tí ilé ìwòsàn ń da nǹkan sí ló ń lọ. Dípò kí n bi wọ́n pé kí lẹ gbà pé ó jẹ́, mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí lẹ fẹ́ ká ṣe sí i. Màmá ló kọ́kọ́ fèsì, èsì ẹ̀ sì yà mí lẹ́nu: "Ibi ẹ̀ dà?" Ó ní kò sẹ́ni tó bí nínú agbolé àwọn tí wọ́n ń da ibi ọmọ ẹ̀ nù, wọ́n ń sin ín ni, ìyẹn ò sì lè yí padà, kí wọ́n kó méjèèjì fún un, ibi kan náà ló máa wọlé sí. Obìnrin tó ní kò tíì déèyàn. Ọkọ pe ààfáà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ààfáà bi nọ́ọ̀sì: "Ṣé ó ké?" Nọ́ọ̀sì ní ó la ẹnu ṣùgbọ́n kò ké. Ààfáà ní nínú ìlànà òfin Ìsìláàmù ti Màlíkì tí àwa níbí ń tẹ̀ lé, ọmọ tí kò bá ké, wọn kì í kírun sí i lára, àmọ́ ẹ fi aṣọ wé e kẹ́ ẹ sin ín. Ìyàwó ní sàréè lòun fẹ́, kóun mọ ibi tó wà. Sísin, gbogbo wọn. Ẹni mẹ́ta tí wọn ò tíì fohùn ṣọ̀kan láti ọjọ́ kìíní, kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

A fi aṣọ funfun wé e, a fi náílọ́ọ̀nù méjì wé ibi torí kòkòrò, a ní kí ẹni tó máa sin ín wọ ìbọ̀wọ́. Àbúrò ọkọ ló gbé e lọ. Ìyá àti bàbá ò lọ, òbí kì í rí ojú oórì ọmọ, ìyàwó náà ò sì janpata lórí ìyẹn, wọ́n ṣáà júwe ibẹ̀ fún un. Ti orúkọ nìkan ni wọn ò rí yanjú. Màmá ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, pé ẹni bá ń pe orúkọ ọmọ tó lọ ń pè é padà ni, ìyàwó sì kọ ọ́ sínú Bíbélì ẹ̀. Bó ṣe wà títí dòní nìyẹn.

Ohun tó kẹ́yìn kò sẹ́ni tó rò ó. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, omi ọyàn dé. Ó pè mí lóru, ọmú ẹ̀ le bí òkúta, bùláòsì ẹ̀ ti rin. Oyún tó bá ti kọjá bí oṣù mẹ́rin, ọmú lè ṣe bẹ́ẹ̀, a sì mọ̀, a kì í kàn sọ ọ́ fún ẹni tí ọmọ ẹ̀ ò yè ni. Mo ní kó wọ bùrá tó dì í dáadáa, kó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sómi tútù lé e, kó má fún omi ọyàn náà jáde. Màmá ló di aṣọ náà fún un. Ìyàwó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti òru yẹn, Màmá ò dárúkọ omi àti agbè mọ́ níwájú òun.

Àwọn nǹkan tá a wá ń ṣe báyìí ní wọ́ọ̀dù wa: tí obìnrin bá wọlé tómi ti ya kí ọsẹ̀ ẹ̀ tó tó, ọjọ́ kìíní gan-an la ń béèrè nọ́ńbà ẹni tó fẹ́ ká pè, Fadá ni o, pásítọ̀ ni o, ààfáà ni o, a kì í dúró dìgbà tí ara bá gbóná. Tá a bá ń sọ ọjọ́ orí oyún fún Mùsùlùmí, a ń sọ ibi tá a ti kà á, ká má kó ọ̀sẹ̀ méjì bá wọn láìmọ̀. A ń bi ìyá nìkan, láìsí ẹbí níbẹ̀, pé tí ọmọ bá jáde láàyè fún ìgbà díẹ̀, kí ló fẹ́ ká ṣe láàárín ìgbà yẹn. A ń kọ ọ́ bóyá ó ké tàbí kò ké, torí ẹnì kan á béèrè. A ń béèrè ti ibi. A ń sọ ti omi ọyàn kí wọ́n tó lọlé. Ẹ má sì jẹ́ kí ariwo ìgbàgbọ́ mú yín gbàgbé ẹ̀jẹ̀, obìnrin yìí jẹ́ O negative, abẹ́rẹ́ Anti-D ẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìyá bá ti ọmọ tó máa bí lẹ́yìn jà, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 lẹ́yìn ìbí, ọjọ́ tó fẹ́ lọlé ni ẹnì kan tó rántí.

Ti ìrìbọmi la ò tíì fohùn lé. Àwọn kan nínú wa ní kò yẹ kí nọ́ọ̀sì máa ṣe iṣẹ́ àlùfáà, pé lọ́jọ́ tí ẹbí kan bá fẹjọ́ sùn ta ló máa gbà wá sílẹ̀, mi ò sì lè sọ pé wọn ò rí ọ̀rọ̀ sọ. A ò fipá mú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ní àwọn lè ṣe é, a fi àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn nínú rósítà, kí ẹni tó bá wà lórí iṣẹ́ lóru mọ ẹni tó máa jí.